Kí omi tó wọlé: bí àdúgbò ṣe lè múra sílẹ̀ fún àwa àkàndá ẹ̀dá

Orí kẹ̀kẹ́ arọ ni mo ń jókòó, n'Íbàdàn, ní ilé tí kò jìnnà sódò. Ẹni tó bá rántí omíyalé 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 á mọ ìdí tí n kì í fi ọ̀rọ̀ òjò ṣeré.

Ìpàdé lánlọ́ọ̀dù oṣù kẹta ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá bá wa nílé, kí ẹ bi àwa fúnra wa, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n wa: "Bí omi bá dé lóru, báwo lẹ ṣe fẹ́ ká gbé yín?" Kí ẹ wá kọ orúkọ ẹni méjì tí yóò lọ sílé kọ̀ọ̀kan, torí ọ̀kan lè wà lóde ìnáwó lọ́jọ́ náà. "Gbogbo wa la máa ràn wọ́n lọ́wọ́" kò já mọ́ nǹkan kan lóru.

Ẹ fi dánra wò. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la máa sá lọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ kọ ẹ̀yìn sí àtẹ̀gùn. Kí ẹni tó lágbára jù wà lókè, kó di ibi tí à ń fọwọ́ tì mú, kó dà á sẹ́yìn díẹ̀. Kí ẹnì kejì wà nísàlẹ̀, kó di irin ara kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ má di ibi tí à ń gbé apá lé mú o, yíyọ ló máa ń yọ! Bí ẹ bá sì pọ̀n mí sá láìgbé kẹ̀kẹ́, ibi tí ẹ bá sọ̀ mí sí ni n óò jókòó sí.

Fún adití, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ pa á, kí ẹ tún tàn án lójú fèrèsé. Ẹ ti kọ "OMI Ń BỌ̀" sára páálí sílẹ̀. Ẹ bá a pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì. Afọ́jú ńkọ́? Ẹ má fà á. Kó di ìgbọ̀nwọ́ yín mú, kí ẹ máa sọ ọ̀nà fún un: "Gọ́tà rèé, ẹ gbẹ́sẹ̀ ga."

Òfin àwa àkàndá ẹ̀dá tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ní kí ìjọba dáàbò bò wá lásìkò àjálù. Ọdún márùn-ún tó fún àwọn ilé ìjọba láti ṣàtúnṣe ti pé láti 2024. Nítorí náà, ẹ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n sọ ilé ìwé tí wọ́n máa kó wa sí. Ẹ mú tépù lọ wọn ẹnu ọ̀nà ṣáláńgá ibẹ̀: bí kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 80, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Ẹ̀dà méjì ni kí ẹ mú lọ. Kí wọ́n lu sítáǹpù sí ọ̀kan, kí ẹ mú un padà wá sípàdé.