Epo Tó Ń Jò Lẹ́yìn Ìjàpá

Volkswagen Ìjàpá tí ara rẹ̀ dá kì í gbé òórùn bẹntiróòlù kiri. Ẹ jẹ́ ká ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí àwọn oníbàárà mi máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé "bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn." Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà tiẹ̀ sọ fún mi pé láti ayé Ṣàgárí ni tàwọn ti ń rùn bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ dákun, ẹ má ṣáná sí sìgá nítòsí rẹ̀ o."

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe é. Iwájú ni táńkì wà, lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì wà. Epo á gba inú páìpù irin tó la àárín ọkọ̀ kọjá, á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, họ́ọ̀sì rọ́bà á gbà á níbẹ̀, á gbé e fún pọ́ọ̀ǹpù, pọ́ọ̀ǹpù á sì tì í sókè fún kàbúrétọ̀, tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀gbẹ́ dísítíríbútọ̀ ni pọ́ọ̀ǹpù yìí jókòó sí, bẹ́ẹ̀ inú dísítíríbútọ̀ ni iná ti ń ṣẹ́. Èyí tó tún burú ni pé irin magnesium ni wọ́n fi rọ ara ẹ́ńjìnnì Ìjàpá. Bó bá gbaná tí èèyàn da omi sí i, ńṣe ni yóò máa ru sí i. Kí ẹ tó mú sípánà, ẹ jẹ́ kí iyanrìn tàbí agolo ìpaná oníyẹ̀fun wà ní àrọ́wọ́tó.

Ibi tó ń jò lẹ ó kọ́kọ́ wá. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù, ẹ gbé àga ẹ̀yìn kúrò, abẹ́ rẹ̀ ni bátìrì wà, kí ẹ tú wáyà nẹ́gétíìfù sílẹ̀. Ẹ má tíì nu nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì wa níbí kì í ṣaláìní eruku, eruku yìí ló máa bá yín ṣiṣẹ́: ibi tí epo ń gbà sọ̀ kalẹ̀, eruku ibẹ̀ á ti fọ̀ lọ, irin á máa dán gbọọrọ. Ẹ tẹ̀lé ojú ibi tó ń dán náà lọ sókè, ẹ ó bá orísun rẹ̀.

Ẹ tẹ gbogbo họ́ọ̀sì wò. Èyí tó bá le gbagidi, tàbí tí ìlà wẹ́wẹ́ yọ lára rẹ̀ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀. Àwọn ti àtijọ́ tí wọ́n hun òwú bò máa ń tanni jẹ, òwú òde á mọ́ tónítóní, rọ́bà inú á ti jẹrà. Bó bá jẹ́ ara pọ́ọ̀ǹpù lepo ti ń kán, dáyáfíráàmù inú rẹ̀, ìyẹn rọ́bà pẹlẹbẹ tó ń fa epo, lè ti ya. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Bí ọ́ìlì bá ń rùn bíi bẹntiróòlù, tàbí tó ti kọjá àmì òkè, epo ti ń wọ inú rẹ̀ nìyẹn. Ẹ dà á nù, ẹ rọ tuntun, lítà 2.5 ló ń gbà. Ẹ má fi ti tẹ́lẹ̀ wa ọkọ̀ dé títì, kò nípọn mọ́, á jẹ ẹ́ńjìnnì láti inú.

Èyí tí mo bẹ̀rù jù wà lára kàbúrétọ̀. Páìpù idẹ kékeré kan wà níbẹ̀ tí họ́ọ̀sì ń wọ̀ sí. Wọ́n kàn tẹ̀ ẹ́ wọlé ni, kò ní sikúrù. Ẹ fọwọ́ mì í. Bó bá ń mì, tàbí tó bá tẹ̀lé yín jáde, ẹ gbé kàbúrétọ̀ lọ bá àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin kí wọ́n gé ojú sikúrù sí i. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ta ni kò tíì fi ọṣẹ ìfọṣọ dí táńkì rí? Kò burú lójú ọ̀nà, bẹntiróòlù kì í tètè yọ́ ọṣẹ, ó lè gbé yín délé. Àmọ́ họ́ọ̀sì kò gba ọṣẹ, kò sì gba rọ́bà tíúbù tí wọ́n ń lọ́ mọ́ ọn. Epo á mú tíúbù yẹn wú, á rọ̀ bí ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Ẹ mú pọ́ọ̀ǹpù àtijọ́ dání lọ sí ọjà ẹ̀yà ọkọ̀ ní Agodi Gate n'Ìbàdàn, tàbí Ládìpọ̀ bó bá jẹ́ Èkó lẹ wà. Oríṣi méjì ló wà, ohun tó ń fún bátìrì níná ló pín wọn. Ẹ́ńjìnnì tó ń lo dáínámò ń lo ọ̀pá 108 mm lábẹ́ pọ́ọ̀ǹpù, èyí tó ń lo alternator ń lo 100 mm. Ẹ fi rúlà wọ̀n ọ́n lójú ẹni tó ń tà á, torí ọ̀pá tó gùn jù á ba dáyáfíráàmù tuntun jẹ́. Wọ́n ṣe Ìjàpá ní Mẹ́síkò títí di 2003, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tòkunbọ̀ nìkan ló kù. Họ́ọ̀sì tí ihò inú rẹ̀ jẹ́ 5.5 mm lẹ ó rà, kó jẹ́ ojúlówó họ́ọ̀sì epo, kí ẹ sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú kílíìpù. Èyí tó mọ́ gaara tí ẹ ń rí epo nínú rẹ̀ yẹn, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ń fa epo nínú kẹ́ẹ̀gì. Ooru ẹ́ńjìnnì á mú kó le, á sì yọ lẹ́nu páìpù.

Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́ yìí, kí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì jìnnà. Kí ẹ tó fa họ́ọ̀sì abẹ́ ọkọ̀ yọ, ẹ wá bóòtì kan tó mọ́ tí yóò dí ẹnu rẹ̀ pinpin, torí táńkì ga ju ibẹ̀ lọ, epo á máa ya wá fúnra rẹ̀.

Nọ́ọ̀tì méjì ló di pọ́ọ̀ǹpù mú, sípánà 13 ló ń tú u. Ẹ gbé pọ́ọ̀ǹpù sókè. Ọ̀pá irin tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀, nínú ìjókòó dúdú oníke kan. Ẹ fa ọ̀pá náà yọ kí ẹ tó ṣí ìjókòó. Bó bá já bọ́ sínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ lè di títú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Ẹ fi àkísà tó mọ́ dí ihò náà. Nígbà tí ẹ bá ń dá a padà, gásíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn pépà tó ń dí àárín irin kí ọ́ìlì má bàa jò, ló ṣáájú, ìjókòó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni ọ̀pá, kí ẹnu ṣómúṣómú rẹ̀ kọjú sí ìsàlẹ̀, ká tó fi gásíkẹ́ẹ̀tì kejì sí i. Ẹ fi gírísì sínú ìsàlẹ̀ pọ́ọ̀ǹpù níbi tí apá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ wá fi sípánà 21 yí nọ́ọ̀tì dáínámò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa wo ọ̀pá náà. Bó bá ti lọ sílẹ̀ tán, pọ́ọ̀ǹpù á jókòó láìjà. Ẹ máa mú nọ́ọ̀tì méjèèjì ní díẹ̀díẹ̀, ọ̀tún, òsì, láìlo agbára. Ìjókòó oníke yẹn máa ń là, ọ́ìlì ni yóò sì máa jò lẹ́yìn ìyẹn.

Réésà tuntun ni kí ẹ fi gé họ́ọ̀sì, kí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Níbi tí páìpù ti la irin pẹlẹbẹ iwájú ẹ́ńjìnnì kọjá, rọ́bà róbótó kan gbọ́dọ̀ yí i ká. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í wo ibẹ̀ rárá. Fílítà oníke kò gbọ́dọ̀ wà láàárín pọ́ọ̀ǹpù àti kàbúrétọ̀, ìwúwo rẹ̀ á máa fa páìpù idẹ ọjọ́sí. Abẹ́ ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ni kí ẹ fi í sí.

Ẹ nu gbogbo epo tó dà, ẹ gbé àkísà jìnnà, ẹ dúró kí òórùn tán, kí ẹ tó dá wáyà bátìrì padà. Ẹ́ńjìnnì lè pẹ́ díẹ̀ kó tó mú, páìpù ti gbẹ. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi tíṣù funfun kan oríkèé họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín lára bẹ́líìtì. Epo tí ojú ò lè rí, tíṣù á mu ún. Bí kàbúrétọ̀ bá wá ń kún àkúnya, ẹ má tíì bú ẹni tó ta pọ́ọ̀ǹpù. Tuntun lè lágbára jù. Gásíkẹ́ẹ̀tì kan sí i lábẹ́ rẹ̀ á dín agbára náà kù. Bí ìyẹn ò bá tó, abẹ́rẹ́ inú kàbúrétọ̀ tó ń dí ẹnu ọ̀nà epo ló kàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún kílíìpù mú, torí rọ́bà tuntun máa ń fún. Èmi máa ń fi ọ̀dà funfun kọ oṣù àti ọdún sára irin tó bo fáànù, kí mẹkáníìkì tó bá kàn lè rí i. Pọ́ọ̀ǹpù àtijọ́ ńkọ́? Bó bá jẹ́ irú èyí tí sikúrù yí orí rẹ̀ ká, ẹ má sọ ọ́ nù. Ó ṣeé tú, dáyáfíráàmù rẹ̀ sì ṣeé pààrọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun ni wọ́n ti tẹ̀ pa, kò sí bí a ṣe lè ṣí wọn.