Bí Mo Ṣe Mú Fídíò Gèlè Rìn Sẹ́yìn Láìba Ìlù Jẹ́

Àbúrò mi obìnrin ń wé gèlè fún àwọn ìyàwó. Ó fi fídíò kan tó yà láàárọ̀ ìgbéyàwó n'Ìbàdàn ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí gèlè tú fúnra rẹ̀ títí yóò fi di aṣọ lásán, kó tún wá rọra wé padà. Kò sì fẹ́ kí n yọ ohùn onílù tó ń ki ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. DaVinci Resolve tí wọn kì í gbowó lé, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tún fídíò ṣe, ni mo fi ṣe é.

Fíréèmù 50, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan tó para pọ̀ di fídíò, ni kámẹ́rà rẹ̀ ń yà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí n tó kó ohunkóhun wọlé, mo lọ sí Project Settings, mo yan 25 sí Timeline frame rate, ìyẹn iye fíréèmù tí fídíò tí mò ń ṣe máa fi hàn ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, torí tí fídíò bá ti wọlé tán, kì í jẹ́ kéèyàn yí i padà mọ́. Pẹ̀lú 25 yìí, tí mo bá dín eré kù sí ìdajì, fíréèmù tí kámẹ́rà yà ló máa kún gbogbo rẹ̀.

Ohùn ni mo kọ́kọ́ mójú tó. Mo fi máòsì tẹ fídíò náà lápá ọ̀tún, mo yọ àmì kúrò lára Link Clips tó so àwòrán àti ohùn pọ̀, mo sì tẹ àgádágodo ìlà ohùn kí nǹkan kan má ṣí i nípò. Ẹni tí fídíò rẹ̀ kò ju ariwo mọ́tò lọ lè fo èyí. Ṣùgbọ́n dùndún ń sọ̀rọ̀: ohùn òkè, ti àárín àti ti ìsàlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ dá a padà sẹ́yìn, kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ohun tó ń wí. Pitch Correction wà níbẹ̀ lóòótọ́, kì í jẹ́ kí ohùn wálẹ̀ bí eré bá dínkù, àmọ́ onílù á kàn máa fa ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Mo fi ìlù sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ìyókù kò le. Mo ṣe ẹ̀dà fídíò náà kejì. Lórí ti àkọ́kọ́, mo yan Change Clip Speed, mo kọ 200 sí Speed, ìyẹn ìlọ́po méjì eré rẹ̀ (100 ni eré gan-an), mo fi àmì sí Reverse Speed àti Ripple Timeline. Ìṣẹ́jú-àáyá 16 di 8, gèlè ń tú wàràwàrà, èyí tó tẹ̀lé e sì sún mọ́ ọn.

Lórí ìkejì, mo tẹ Ctrl àti R, ìdá eré yọ lábẹ́ fídíò pẹ̀lú ọfà kékeré. Mo yan Add Speed Point níbi tí ọwọ́ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣẹ́po tó kẹ́yìn: apá tó ṣáájú rẹ̀ gba 200, apá tó tẹ̀lé e gba 50. Ibí yìí ló dùn jù lójú mi.

Àbúrò mi ní kí n tún dín eré apá tó kẹ́yìn yìí kù sí 25. Mo gbìyànjú. Ní 25, kọ̀ǹpútà ló máa hùmọ̀ ìdajì fíréèmù. Mo yan Optical Flow, tó máa ń hùmọ̀ fíréèmù tí kò sí, ní Retime Process, ìka àbúrò mi àti ìṣẹ́po gèlè wá yọ́ mọ́ ara wọn. Nearest ò hùmọ̀ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ń ta gọ́tagọ̀ta. Mo dá a padà sí 50, mo sọ fún un pé kó yà á ní fíréèmù 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan nígbà mìíràn tí kámẹ́rà rẹ̀ bá gbà á.