Bí mo ṣe rí kámẹ́rà onífíìmù rà ní Àkúrẹ́ lówó pọ́ọ́kú

Àwọn ọmọ kíláàsì mi ló fà á. Físíìsì ni mo ń kọ́ wọn, nílé ẹ̀kọ́ girama kan níhìn-ín ní Àkúrẹ́. Lọ́dọọdún la máa ń ya kámẹ́rà sójú pátákó: lẹ́ńsì níwájú, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, fíìmù lẹ́yìn, a ó sì fi gbogbo rẹ̀ wé ẹyinjú ènìyàn. Wọ́n á há a sórí, wọ́n á tú u sílẹ̀ nínú ìdánwò WAEC, ó parí. Lọ́jọ́ kan ni ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni wọ́n ń pè ní fíìmù gan-an?" Ọdún 2008 ni wọ́n bí i, fóònù nìkan ló mọ̀. Mo ṣàlàyé títí pé rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń ya àwòrán sí ni, mo wá rí i pé èmi fúnra mi ń júwe ohun tí mi ò fọwọ́ kàn láti kékeré.

Ìgbà yẹn ni mo pinnu pé mo máa ra ọ̀kan tí a lè ṣí nídìí, ṣí lójú, kí àwọn ọmọ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. ₦50,000 ni mo yà sọ́tọ̀. Ká má parọ́, ìyàwó mi ló yà á sọ́tọ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo fi ń ṣa kámẹ́rà: bí mo bá yọ bátìrì rẹ̀, ṣé yóò ṣì yàwòrán? Ìbéèrè yìí lé àwọn kan tó lórúkọ jáde. Canon AE-1 rẹwà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn sì fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n iná bátìrì ló ń ṣí ṣọ́tà rẹ̀, ìyẹn aṣọ dúdú tó ń ṣí tó ń pa níwájú fíìmù. Bátìrì bá kú, kámẹ́rà di òkúta. Bí wáyà inú rẹ̀ bá sì jó, ta ni mo fẹ́ gbé e lọ bá ní Àkúrẹ́? Pentax K1000, Nikon FM, Olympus OM-1 àti Zenit-E kò rí bẹ́ẹ̀. Irin, sípíríǹgì àti jíà ló ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Èyí tó bá lo bátìrì nínú wọn, òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń lò ó fún. OM-1 tilẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀: bátìrì mákúrì oní 1.35 volt ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n sì ti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró nítorí májèlé inú rẹ̀.

K1000 ni mo kọ́kọ́ fọkàn sí. Ọdún 1976 ló jáde, ọdún kan náà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú rẹ̀, wọn kò sì yéé ṣe é títí di 1997. Ó pọ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n òkìkí rẹ̀ pọ̀ ju òun fúnra rẹ̀ lọ, òkìkí yẹn sì ni ẹni tó bá ń rà á ń san owó lé lórí.

Mo rí ọ̀kan lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ ní Arákálẹ̀. ₦45,000 ló pè é. Inú mi dùn débi pé mo ti ń ka owó nínú àpò. Nígbà tí mo ṣí ìdí rẹ̀, fóòmù tín-ín-rín tó yí ẹnu ìlẹ̀kùn ká láti dí ìmọ́lẹ̀ ti yọ́, ó lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́ bí ọ̀dà títì. Ìyẹn kò bà mí lọ́kàn jẹ́. Fóòmù ṣeé pààrọ̀, òwú dúdú tí wọ́n fi ń hun fìlà pàápàá lè dí ibẹ̀. Lẹ́ńsì ló bà á jẹ́. Bí ènìyàn bá wò ó láti iwájú lásán, gíláàsì náà ń dán gbinrin. Mo wá yí òrùka rẹ̀ síbi tí ojú rẹ̀ là jù, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sí i láti ẹ̀yìn, mo sì fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò ó. Inú rẹ̀ ti bu! Nǹkan funfun kan ta gbòǹgbò káàkiri àárín gíláàsì sí gíláàsì bí òwú aláǹtakùn. Ọ̀rinrin ló ń fà á. Kámẹ́rà tó bá ti wà nínú àpò awọ fún ọdún bíi mélòó kan, tí òjò tiwa yìí sì ń rọ̀, bẹ́ẹ̀ ló máa ń dà. Ti ojú gíláàsì lóde ṣeé nù. Ti inú yìí, ẹni tó bá fẹ́ nù ún ní láti tú lẹ́ńsì palẹ̀, ó sì lè ti jẹ ìpara tí wọ́n fi bo gíláàsì.

"Ẹ̀gbọ́n, eruku lásán ni. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí i."

Mo rẹ́rìn-ín, mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ẹnìkan ní ṣọ́ọ̀ṣì júwe Bàbá onífọ́tò kan fún mi ní Ìsìnkàn. Bàbá ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ti sọ iwájú sítúdíò di ìsọ̀ POS, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n ya etí òkun àti igi àgbọn sí, tí àwọn oníbàárà máa ń dúró níwájú rẹ̀, ṣì wà lára ògiri. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i.

"Fóònù ò tó ọ ni, ọmọ mi?"

"Àwọn ọmọ ilé ìwé ni mo fẹ́ fi kọ́ sà."

Ó wò mí díẹ̀, ó ní kí ọmọ òun gbé báàgì kan wá láti orí kọ́bọ́ọ̀dù. Kámẹ́rà méjì ló wà nínú rẹ̀. K1000 kan, mọ́ tónítóní, ₦120,000, Bàbá ò sì ní gba náírà kan dín. Èkejì ni Zenit-E, ọmọ Rọ́ṣíà, tí wọ́n ya àmì ìdíje Òlíńpíìkì Moscow ti ọdún 1980 sí níwájú. Ó wúwo bí ọmọ ọlọ. ₦40,000.

Mo ní kí Bàbá fún mi láyè kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ẹni tí kò yẹ ọjà wò níwájú mi, ẹ̀yìn mi ni yóò ti sọ̀rọ̀ mi."

Lẹ́ńsì ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí mo ti kọ́gbọ́n. Helios 44-2 ni wọ́n ń pè é. Eruku díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kò bu. Mo fi òrùka rẹ̀ pa ojú rẹ̀ dé, mo tún là á. Àwọn abẹ irin wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ ń rìn wọlé rìn jáde lójú mi, wọ́n gbẹ, kò sí òróró lára wọn. Ibí yìí ni ọkàn mi ti kúrò lára K1000. Kámẹ́rà ti Pentax yẹn, ìgbà tó bá fẹ́ yàwòrán gan-an ni àwọn abẹ yẹn ń sáré pa ojú dé, ojú ọmọ ilé ìwé kò ní bá a. Ti Helios yìí, ọwọ́ lèèyàn fi ń là á, ọwọ́ ló fi ń pa á, bí ẹni ń di ẹnu àpò.

Bàbá mú mi wọ yàrá dúdú tó ti ń fọ fíìmù láyé ọjọ́un. Kéèsì mínírà ló kún ibẹ̀ báyìí. Mo tú lẹ́ńsì kúrò, mo fi ìka rọra gbé jígí inú kámẹ́rà sókè, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i níwájú, mo sì ń wo aṣọ ṣọ́tà láti ẹ̀yìn. Bí aṣọ náà bá ti lu, ènìyàn yóò rí ihò rẹ̀ bí ìràwọ̀ nínú òkùnkùn. Mi ò rí nǹkan kan. Aṣọ méjì ni ṣọ́tà rẹ̀ ní, ọ̀kan ń ṣí, èkejì ń tẹ̀ lé e láti pa á dé. Mo fa irin tó ń yí fíìmù kí aṣọ kejì bọ́ síbẹ̀, mo tún wò ó. Òun náà kò lu.

Ó ku bó ṣe ń yára sí. Márùn-ún péré ni ìwọ̀n eré tí Zenit-E ní, láti ìdá kan nínú 30 ti ìṣẹ́jú-àáyá kan dé ìdá kan nínú 500 rẹ̀, àti B tí ṣọ́tà rẹ̀ máa ń wà ní ṣíṣí títí ènìyàn yóò fi gbọ́wọ́ kúrò. Mo ti yá fóònù ẹnìkejì mi kan níbi iṣẹ́ tó lè ká àwòrán 240 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo ṣí ẹ̀yìn kámẹ́rà, mo kọ iwájú rẹ̀ sí ìta, mo ń tẹ̀ ẹ́, fóònù ń ká a. Ti 30, ó yẹ kí ìmọ́lẹ̀ hàn nínú àwòrán 8 lórí fóònù. Mo ka 8. Ti 60, mo ka 4. Ti 500 kò tilẹ̀ tó àwòrán kan, etí nìkan ni mo fi gbọ́ ọ. Etí sì tàn mí jẹ, ẹ ó rí i níwájú.

Àléébù kan ṣoṣo tí mo rí ni òṣùwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Sẹlẹ́níọ̀mù ni ti Zenit-E ń lò, oòrùn fúnra rẹ̀ ló ń fún un lágbára, kò nílò bátìrì. Mo gbé e síta nínú oòrùn ọ̀sán ganrínganrín, abẹ́rẹ́ rẹ̀ kò mira. Mo fi ìyẹn ná ọjà. Mo ní ₦25,000, Bàbá ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ rẹ̀ dá sí i láti ìdí POS, a parí rẹ̀ sí ₦32,000. Wọ́n fẹ́ fún mi ní àpò awọ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀nì, mo ní rárá. Irú àpò yẹn ló ba ti Arákálẹ̀ jẹ́.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ ni Bàbá pè mí padà. Ó ní òṣùwọ̀n tó kú yẹn, òun ò wò ó rí.

"Òjìji rẹ ni kó o máa wò. Bí etí rẹ̀ bá mú bí abẹ, mẹ́rìndínlógún. Bí kò bá mú tó bẹ́ẹ̀, mọ́kànlá. Bí o bá ń wá a kó o tó rí i, mẹ́jọ. Bí o kò bá rí i rárá, márùn-ún lé díẹ̀."

Iye tó wà lára òrùka lẹ́ńsì, tó ń fi hàn bí ojú rẹ̀ ṣe là tó, ló ń sọ: f/16, f/11, f/8, f/5.6. Ṣọ́tà ní tirẹ̀, ẹ óò gbé e sí iye tó bá sún mọ́ nọ́ńbà fíìmù jù, ìyẹn nọ́ńbà ara páálí rẹ̀ tó ń sọ bó ṣe ń yára gba ìmọ́lẹ̀ sí. Fíìmù oní 200 ni mo rà, 250 ni mo sì ń lò.

Fíìmù yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Èkó ni wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí mi ní páàkì, Èkó náà ni mo dá a padà sí fún fífọ̀, gbogbo ìnáwó rẹ̀ sì ju ìdajì owó kámẹ́rà lọ. Ẹni tó bá ń ṣírò owó kámẹ́rà láìṣírò fíìmù, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ. Mo ya mẹ́wàá lójú títì Ọba Adésídà, mo gbé ọmọ ọlọ yìí kọ́rùn gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè tó lé ní 600, ọrùn mi sì rí i. Mo ya ìyókù nílé ìwé.

Nínú 36, 27 dára. Mẹ́rin tí mo yà nínú kíláàsì ṣókùnkùn, ẹ̀bi tèmi ni. Ìka mi dí lẹ́ńsì nínú ọ̀kan. Mẹ́rin tó kù ló kọ́ mi lọ́gbọ́n: apá kan wọn mọ́lẹ̀, apá kejì dúdú bí ẹni fi aṣọ bò ó. Mo wo ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo fi 500 yà. Aṣọ ṣọ́tà ẹ̀yìn ń lé ti iwájú bá kí wọ́n tó dé òdìkejì. Mi ò gbé e padà fún Bàbá. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti kọjá 250.

Kí n tó ti fíìmù kejì bọ̀ ọ́, mo gbé e lọ sí kíláàsì. Mo gba bébà tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá lọ́wọ́ olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní yíya ilé, mo gé e, mo lẹ̀ ẹ́ síbi tí fíìmù máa ń wà. A ti fèrèsé pa àfi ọ̀kan, mo kọ lẹ́ńsì sí igi máńgòrò tó wà níta, mo gbé e sí B, mo tẹ̀ ẹ́, mi ò gbọ́wọ́ kúrò. Igi máńgòrò dorí kodò lórí bébà tí kò tó ojú àpótí ìṣáná, ewé rẹ̀ ń mì. Wọ́n tò, wọ́n ń wò ó lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tó bi mí ní ìbéèrè fíìmù pẹ́ nídìí rẹ̀ ju gbogbo wọn lọ. Ó gbójú sókè.

"Sà, ṣé báyìí ló ṣe dorí kodò nínú ojú tèmi náà?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọpọlọ rẹ̀ ló ń bá a yí i padà. Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé ni ìka mi ti rẹ̀ lórí bọ́tìnnì, ṣọ́tà pa dé gbà, àwọn tó kù lórí ìlà sì figbe ta pé kò tíì kàn wọ́n.