Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nígbà Tí A Bá Ń So Kọ̀ǹpútà Mọ́ Ẹ̀rọ Ìpamọ́ Orí Nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní ilé ìtẹ̀wé kan tí kò jìnnà sí ọjà Sábó ní Ìkòròdú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú iná dé lẹ́yìn òru méjì, gbogbo òṣìṣẹ́ sì sáré tan kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí wọn yóò tún mú un lọ. Ẹ̀rọ ìpamọ́ tí gbogbo wọn ń pín lò, àpótí dúdú kékeré kan tí ó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni. Ọmọ iṣẹ́ tí ń ya ìwé ìpè ìgbéyàwó, tí ó ń lo Linux (ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà, bíi Windows), ṣí fódà tí ó máa ń lò, ó sì bá a lófìfo. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́. Ó rò pé ọ̀gá ni ó kó iṣẹ́ àtijọ́ kúrò, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú iṣẹ́ tuntun sínú rẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀sán tí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà tí wọ́n sì tún un tan, iṣẹ́ àtijọ́ padà wá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àárọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n pè mí.

Iṣẹ́ náà kò sọnù. Fódà tí a fi ṣe ojú ọ̀nà sí ẹ̀rọ ìpamọ́ jẹ́ fódà lásán lórí díìsìkì kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, àyàfi ìgbà tí ìsopọ̀ bá wà. Bí ìsopọ̀ bá ti wọlé, ó bo ohun tí ó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀, bí ẹni tẹ́ ẹní tuntun lé ẹní àtijọ́. Mo já ìsopọ̀ náà pẹ̀lú àṣẹ umount, gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ yẹn sì wà lábẹ́ rẹ̀ pérépéré. Ó bọ́ sí i lọ́jọ́ náà. Mo ti rí ibi tí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ti ń kún díìsìkì kọ̀ǹpútà fún oṣù púpọ̀, tí gbogbo ènìyàn sì gbà pé orí ẹ̀rọ ìpamọ́ ni ó wà.

Àṣìṣe tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé a máa ń ṣe sí díìsìkì tí ó wà níbòmíràn bí ẹni pé inú kọ̀ǹpútà wa ni ó wà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tuntun lè jí kí a tó jókòó tán, ṣùgbọ́n àpótí tí díìsìkì mẹ́rin wà nínú rẹ̀ yóò yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ẹ má ṣe fi èyí sílẹ̀ fún ìrántí òṣìṣẹ́, nítorí ẹni tí ó ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ojú ọ̀nà Mile 12 kò ní dúró wo iná kékeré ara àpótí. Nínú fáìlì /etc/fstab, níbi tí Linux ti ń ka àwọn díìsìkì tí yóò so mọ́ ara rẹ̀, ẹ kọ _netdev sí ìlà ìsopọ̀ náà, kí kọ̀ǹpútà lè mọ̀ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró dè. Ẹ tún kọ x-systemd.automount, kí ìsopọ̀ lè wáyé ní ìgbà tí ẹnìkan bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan fódà náà, kì í ṣe nígbà tí kọ̀ǹpútà ń jí nìkan. Àwọn kan máa ń kọ nofail nìkan, inú wọn a sì dùn pé kọ̀ǹpútà kò há mọ́ nígbà tí ó bá ń jí. Ohun tí nofail ṣe kò ju pé ó pa ariwo náà mọ́ wọn létí. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí a lo àṣẹ chattr +i lórí fódà òfìfo náà kí a tó so ohunkóhun mọ́ ọn, nítorí lẹ́yìn èyí, bí ìsopọ̀ kò bá sí, kò sí ẹni tí yóò lè kọ nǹkan sínú rẹ̀, òṣìṣẹ́ yóò sì pariwo lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá sì ní àkọsílẹ̀ àṣẹ tí ń ṣe ẹ̀dà àfipamọ́ lóru, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi mountpoint -q bèèrè bóyá ìsopọ̀ wà.

Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo àṣìṣe wọ̀nyí ni kí kọ̀ǹpútà méjì máa lo díìsìkì iSCSI kan ṣoṣo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ọ̀nà méjì tí kò jọra ni a ń gbà lo ẹ̀rọ ìpamọ́ orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. NFS, tí ilé iṣẹ́ Sun Microsystems gbé jáde ní 1984, àti SMB tí Windows ń lò, ń pín fáìlì ni: sáfà fúnra rẹ̀ ni ó mọ ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà, òun ni ó sì ń dájọ́ láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ kọ nǹkan papọ̀. iSCSI, tí ìlànà rẹ̀ jáde ní 2004, kò mọ fáìlì rárá. Odidi díìsìkì ni ó fi lé kọ̀ǹpútà lọ́wọ́, kọ̀ǹpútà náà ni yóò sì pinnu ohun tí yóò kọ síbẹ̀ àti ibi tí yóò kọ ọ́ sí, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òun nìkan ni ó ni ín. Ẹ wo ìwé alájọ kan tí akọ̀wé méjì ń kọ, tí olúkúlùkù ti há gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ sórí láàárọ̀, tí kò sì tún wo ojú ìwé kí ó tó kọ tirẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kọ orúkọ lé orí owó.

Ọ́fíìsì awọnlẹ̀ kan ní agbègbè Ìta Ẹlẹ́wà ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú Windows méjì. Àmì àkọ́kọ́ tí wọ́n rí ni pé fáìlì tí wọ́n tọ́jú láti orí kọ̀ǹpútà kìíní kì í hàn lórí èkejì àfi tí wọ́n bá tún un tan. Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ó ń fà. Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀kan nínú wọn yọ àpótí kékeré jáde lójú rẹ̀ pé díìsìkì náà ní láti di fífọ̀ (format, èyí tí ń pa ohun inú rẹ̀ rẹ́) kí ó tó ṣeé lò, ẹni tí ó jókòó níbẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tẹ bẹ́ẹ̀ ni láéláé. Ẹ já kọ̀ǹpútà méjèèjì kúrò, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà díìsìkì náà kí ẹnikẹ́ni tó gbìyànjú àtúnṣe kankan lórí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn púpọ̀ ni yóò lo fáìlì kan náà, SMB tàbí NFS ni ó tọ́ sí wọn. Ètò fáìlì tí a dìídì ṣe fún kọ̀ǹpútà púpọ̀, irú bíi GFS2 tàbí OCFS2, wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n n kò ní gba ọ́fíìsì oníkọ̀ǹpútà mẹ́ta nímọ̀ràn láti gbé ẹrù yẹn. Lórí ẹ̀rọ ìpamọ́ náà, ẹ jẹ́ kí díìsìkì iSCSI kọ̀ọ̀kan mọ orúkọ oníbàárà kan ṣoṣo, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ń lò ó, kí ó sì lé ìyókù padà.

Orúkọ yìí náà ní àṣìṣe tirẹ̀. Gbogbo oníbàárà iSCSI ni ó ní orúkọ tí ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú iqn, kò sì yẹ kí méjì jẹ́ orúkọ kan náà. Lórí Linux, inú fáìlì /etc/iscsi/initiatorname.iscsi ni ó wà. Bí ẹ bá ṣe ẹ̀dà kọ̀ǹpútà kan láti fi ṣe òmíràn, ẹ̀dà náà yóò jí pẹ̀lú orúkọ ti àkọ́kọ́, ẹ̀rọ ìpamọ́ yóò sì máa rò pé ẹnìkan náà ni ó ń jáde tí ó ń wọlé, yóò sì máa já ọ̀kan nígbà tí èkejì bá dé. Àṣẹ iscsi-iname yóò fún yín ní orúkọ tuntun. Ẹ fi rọ́pò ti àtijọ́ kí ẹ tó tan sọ́fítíwíà náà fún ìgbà àkọ́kọ́ lórí ẹ̀dà yẹn.

Ní ti títan sọ́fítíwíà oníbàárà fúnra rẹ̀, Windows kì í tan ti iSCSI fúnra rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí i, yóò bi yín bóyá kí òun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí òun sì máa bẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá jí. Ẹni tí ó bá sáré ti àpótí ìbéèrè yẹn yóò tún wá a lọ́la. Lórí Linux, node.startup ni ó ń sọ ọ́, manual tàbí automatic, èyí tí ó sì wà níbẹ̀ láti ilẹ̀ kò dọ́gba láti Linux kan sí òmíràn, nítorí náà ẹ máa wò ó. Ẹ má sì ṣe pa àṣẹ iscsiadm -m node --login láì dárúkọ díìsìkì tí ẹ fẹ́, nítorí gbogbo èyí tí ó bá wà nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni yóò wọlé sí, títí kan ti ẹlòmíràn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wọlé, ẹ má fi /dev/sdb, orúkọ tí Linux fún díìsìkì nígbà tí ó rí i, kọ ìlà fstab. Ẹni tí ó jẹ́ sdb lónìí lè di sdc bí ẹnìkan bá ki fíláàṣì bọ̀ ọ́ kí kọ̀ǹpútà tó jí. UUID, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ètò fáìlì inú díìsìkì náà, kì í yí padà bẹ́ẹ̀.

Ínfátà ti tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ ní ìlú wa. Wọn a so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn, wọn a so ẹ̀rọ ìpamọ́ mọ́ ọn, wọn a wá fi súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré, èyí tí okùn gbogbo wọn pàdé sí, sílẹ̀ lára sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí wọ́n bá mú iná lọ, àwọn méjèèjì kò kú, ṣùgbọ́n wọn kò gbọ́ ohùn ara wọn mọ́. Oníbàárà iSCSI orí Linux máa ń dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 120 bí a kò bá yí i padà. Lẹ́yìn náà ni yóò sọ fún ètò fáìlì pé díìsìkì kò dáhùn, ètò fáìlì yóò sì lè yí díìsìkì náà padà sí kíkà nìkan. Jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ní láti lọ ra epo fún kò lè bá ìṣẹ́jú méjì yẹn. Ohun tí súwíìṣì kékeré yẹn ń jẹ lára ínfátà kò tó ohun tí à ń sọ rárá.

Bí NFS bá há nítorí irú ìdí yìí, àwọn kan á ka ìmọ̀ràn níbìkan pé kí wọ́n fi soft sí ìsopọ̀ wọn. Kò há mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n soft túmọ̀ sí pé lẹ́yìn ìgbìyànjú díẹ̀, oníbàárà yóò sọ fún áàpù pé kíkọ kò ṣeé ṣe, bí áàpù náà kò bá sì ka ọ̀rọ̀ yẹn sí, fáìlì yóò wà níbẹ̀ ní ààbọ̀ láì sí ẹni tí ó mọ̀. Hard máa ń dúró títí ẹ̀rọ ìpamọ́ yóò fi padà dé. Ìdádúró máa ń bí ènìyàn nínú, síbẹ̀ mo gbà kí n dúró ju kí n rí ìwé ìṣirò oníbàárà ní ìlàjì lọ.

Pípa rẹ̀ náà ní ètò: ẹ pa áàpù, ẹ umount, ẹ jáde kúrò nínú iSCSI, lẹ́yìn náà kí ẹ tó pa àpótí. Ẹni tí epo jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń tán lọ ni ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn.

Mo tún máa ń rí àwọn tí wọ́n jí SMB1, ẹ̀yà SMB àtijọ́, dìde lórí Windows nítorí pé àpótí àtijọ́ kan kò gbọ́ èdè mìíràn. Láti 2017 ni Windows 10 tuntun kò ti fi í sílẹ̀ ní títan mọ́, ọdún yẹn gan-an ni kòkòrò WannaCry gba inú rẹ̀ kọjá sí àwọn kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé. Ẹ wò ó bóyá àpótí náà ní àtúnṣe tuntun tí ó gbọ́ SMB2. Bí kò bá ní, ẹ ra òmíràn. Ẹ má sì ṣí ojú ọ̀nà 445, 2049 tàbí 3260 (ti SMB, NFS àti iSCSI) lára ráútà sí íntánẹ́ẹ̀tì kí ọ̀gá lè máa wo fáìlì láti ilé. Ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé CHAP tí iSCSI ń lò ń bèèrè ẹni tí ń wọlé ni, kì í bo ohun tí ń kọjá lórí okùn. VPN, ọ̀nà àdáni tí ń bo ohun tí ń kọjá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, irú bíi WireGuard, ni kí ọ̀gá gbà wọlé.

Ìgbà tí mo bá tún ilé ìtẹ̀wé yẹn ṣe tán, mo wò ó pé àdírẹ́ẹ̀sì ẹ̀rọ ìpamọ́ wọn náà ń yí padà: ráútà ni ó ń pín in, bí iná bá lọ tí ó dé, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ jí lè gba èyí tí ẹlòmíràn ń lò tẹ́lẹ̀. Mo fún àpótí náà ní àdírẹ́ẹ̀sì kan tí kò ní yí, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara rẹ̀. Ọ̀gá ti ń ka owó mi lórí tábìlì. Mo ní kí ó jọ̀wọ́ dúró ná, mo pe ọmọ iṣẹ́ kan wá síbi súwíìṣì ńlá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà, mo sì ní kí ó pa á. Gbogbo ilé ṣókùnkùn. Ọ̀gá pariwo, “Ẹ̀yin ará ibí, kí ló dé?” Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún tí a tún un tan, tí gbogbo wọn sáré lọ síbi kọ̀ǹpútà wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, fódà ọmọ iṣẹ́ tí ń ya ìwé ìpè kọ̀ láti gba ohunkóhun fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó kígbe pè mí, lẹ́yìn náà ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ hàn, ti àtijọ́ àti ti ọjọ́ Ajé.