Ìgbà wo ló yẹ kí ìgbẹ́ adìyẹ dé orí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́?

Ọmọkùnrin tó ń kó ìgbẹ́ adìyẹ wá fún mi ní Àkọ̀bọ̀, n'Ìbàdàn níbí, tútù tí ìgbẹ́ náà tutù ló fi ń polówó rẹ̀. "Màmá, àárọ̀ yìí gan-an la kó o lábẹ́ kéèjì o!" Àfi bí ẹni ń ta búrẹ́dì gbígbóná. Mo máa ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dé orí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́jọ́ yẹn, kò tiẹ̀ ní dé ibẹ̀ lóṣù yẹn. Àwọn tó ń bi mí pé oṣù wo ló dára jù láti da ajílẹ̀ sí ọgbà, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni wọ́n ti ń mú un. Ọjọ́ tí ẹ fẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀, kí ẹ wá máa kà á bọ̀ wá sẹ́yìn.

Ìgbẹ́ tútù gbóná, ti adìyẹ ló sì burú jù. Amóníà tó ń ta yín lójú nígbà tí ẹ bá ń tú àpò rẹ̀, òun náà ló máa jó gbòǹgbò ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Ti màlúù rọ̀ díẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ èso koríko tí màlúù bá jẹ ló máa ń la ikùn rẹ̀ kọjá láìkú, tó jẹ́ pé èpò ni ẹ óò fọwọ́ ara yín gbìn sọ́gbà. Àwọn kòkòrò tó ń fa inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru tún lè wà nínú gbogbo wọn. Ní Amẹ́ríkà, òfin tó de àwọn àgbẹ̀ tí kì í lo kẹ́míkà sọ pé bí wọ́n bá da ìgbẹ́ tí kò tíì jẹrà sílẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pé 120 ọjọ́ kí wọ́n tó kórè ohun jíjẹ tó ń kan ilẹ̀, àti 90 ọjọ́ fún èyí tí kò kan ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ tiwa wá ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́fà ló ń lò lórí ilẹ̀ tó fi dé inú ìkòkò. Ewédú náà ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Ẹ ò rí i pé kò sí oṣù kankan tí ìgbẹ́ tútù bá bẹ́ẹ̀dì ẹ̀fọ́ mu.

Oṣù kìíní, tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, ni mo ti ń kó tèmi jọ. Mo máa ń tò ó ní ìpele ìpele pẹ̀lú koríko gbígbẹ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo sì ń wọ́n omi sí i, torí ìgbẹ́ tó bá gbẹ háúháú kì í jẹrà, ó kàn ń jókòó síbẹ̀ ni. Omi náà ò sì gbọ́dọ̀ pọ̀ jù: bí ẹ bá fún ẹ̀kúnwọ́ kan, kí ó rin yín lọ́wọ́, kó má ro tótó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, inú òkìtì náà á gbóná kọjá 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ooru yẹn ló ń pa kòkòrò, òun ló ń pa èso èpò. Ẹ máa yí i padà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kí ti ẹ̀gbẹ́ lè bọ́ sáàárín, kí ẹ sì bò ó kí òjò òjijì má fọ̀ ọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kó jìnnà sí kànga, ó kéré tán mítà 30. Ti aládùúgbò yín náà wà níbẹ̀ o, ẹ má tò ó sábẹ́ fèrèsé ẹni ẹlẹ́ni.

Ó lè tó oṣù méjì, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ni mo fi ń mọ̀. Mo máa ń ti ọwọ́ bọ àárín òkìtì náà. Bó bá ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò tíì tó. Bó bá ti tutù, tó dúdú, tí òórùn amóníà ti kúrò níbẹ̀, mo máa bu díẹ̀ pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ lọ́gbọọgba sínú agolo mílíìkì, màá fọ́n èso tẹ̀tẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá hù láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tí etí ewé wọn ò jóná, ó ti ṣeé lò nìyẹn. Bí ẹ bá ra èyí tí wọ́n kó nílẹ̀ ilé adìyẹ, tí èérún pákó pọ̀ nínú rẹ̀, ẹ fún un láyè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èérún pákó tí kò jẹrà tán máa ń bá ẹ̀fọ́ du náítírójìn inú ilẹ̀, ìyẹn èròjà tó ń mú ewé dàgbà, ewé á wá máa pọ́n láìtọ́jọ́.

Ìgbà wo ló wá bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì? Òjò àkọ́rọ̀ oṣù kẹta máa ń tan èèyàn ní Ìbàdàn. Mi ò kí ń bá a sáré. Mo máa ń dúró títí òjò á fi rọ̀ bíi mélòó kan, tí màá walẹ̀ tí ọ̀rinrin á ti dé ibi tí ọkọ́ wọlẹ̀ dé. Ìparí oṣù kẹta sí àárín oṣù kẹrin nìyẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ dà á, torí oòrùn ọ̀sán máa ń gbé agbára rẹ̀ lọ sójú ọ̀run, kí ẹ sì fi ọkọ́ pò ó mọ́ ilẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn sábà máa ń dá lábàá fún ẹ̀fọ́ ni tọ́ọ̀nù 10 lórí hẹ́kítà kan, ìyẹn kílò 1 lórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Rọ́bà pẹ́ńtì kan tí ìgbẹ́ gbígbẹ kún inú rẹ̀ máa ń tó bíi kílò méjì, ẹ ṣírò rẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ fọ́n èso.

Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ẹ sinmi. Òjò ńlá á gbá gbogbo rẹ̀ lọ sí gọ́tà. Ìgbà tí òjò bá dá wọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ ló tún yẹ kí ẹ ṣí òkìtì mìíràn tó ti jẹrà tán, kí bẹ́ẹ̀dì lè ti gbà á dáadáa kí ẹ tó gbin ti oṣù kẹsàn-án. Ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Bí ẹ bá ní omi tí ẹ óò máa bu rin ín, ẹ lè lò ó, àmọ́ ẹ dín in kù: iyọ̀ wà nínú ìgbẹ́ adìyẹ, omi díẹ̀díẹ̀ kì í fọ̀ ọ́ lọ.

Tẹ̀tẹ̀ tí ẹ bá gé tí ẹ fẹ́ kó rú padà, ọjọ́ tí ẹ gé e ni kí ẹ fi èyí tó jẹrà tán sáàárín ìlà. Ẹ má jẹ́ kó bà lé ewé. Ugu náà fẹ́ràn rẹ̀ lẹ́yìn ìgékúgèé. Ewúro kì í da èèyàn láàmú, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ti tó o.

Ata rodo, tòmátì àti ilá ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ inú kòtò nígbà tí ẹ bá ń gbìn wọ́n, kí ẹ tún fún wọn ní ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tanná, kó jìnnà sí ìdí wọn ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Kí ẹ dáwọ́ dúró síbẹ̀. Bí ẹ bá ń dà á lọ bẹ́ẹ̀, ata á dúdú minimini, á ga dé àyà, kò sì ní sí ata kan lórí rẹ̀ tí ẹ máa lọ̀ sọ́bẹ̀.

Ní ti ẹ̀wà àti ẹ̀pà, ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ẹ fa ọ̀kan tu, ẹ óò rí àwọn kókó róbótó lára gbòǹgbò rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń rí náítírójìn tiẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Ẹ kó ìgbẹ́ yẹn lọ fún àgbàdo.