Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Imú Tó Gbẹ, Tó Sì Ń Dunni Nígbà Òtútù

Bí imú bá gbẹ, fasilíìnì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó máa ń tuni lára díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti tún gbẹ. Ọ̀rá kì í fún imú ní omi. Omi tó bá bá níbẹ̀ nìkan ló lè dá dúró. Torí náà, omi ló ń ṣáájú, ọ̀rá ló ń tẹ̀ lé e.

Afẹ́fẹ́ tútù kì í gba ọ̀rinrin púpọ̀. Bí a bá wá fi ẹ̀rọ mú un gbóná nínú ilé láìfi omi kún un, ńṣe ló máa ń fa omi lára ohunkóhun tó bá kàn, títí kan awọ fẹ́lẹ́ inú imú wa. Awọ náà á gbẹ, á sán, á sì dá èépá. Iwájú ògiri tó pín imú sí méjì ló máa ń jìyà jù: iṣan ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni ọwọ́ tètè ń dé.

Omi iyọ̀

Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí omi hó fún odidi ìṣẹ́jú kan, ẹ dé e, kí ẹ sì dúró títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ wọn mìlílítà 240 sínú ìgò tó mọ́, ẹ fi ààbọ̀ ṣíbí ìmutíì iyọ̀ tí kò ní áyódíìnì sí i, kó tẹ́ pẹrẹsẹ, kó má ga. Baking soda tí orí ìka méjì lè ṣà máa ń jẹ́ kó rọ imú lọ́rùn. Ẹ pò ó kó yọ́ tán. Bó bá ti pé wákàtí 24, ẹ da ìyókù nù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi omi ẹ̀rọ tí a kò sè sí imú. Kòkòrò kan wà tí kì í ṣe wá ní nǹkan bí a bá mu ún, àmọ́ tó lè gba imú wọ ọpọlọ. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó ń pani.

Ẹ kán omi iyọ̀ náà ní ẹ̀kán méjì tàbí mẹ́ta sí ihò imú kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́. Bí èépá bá wà, ẹ jẹ́ kí omi náà rin ín fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tó fun imú jẹ́jẹ́, ihò kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ má fi èékánná họ ọ́: abẹ́ èépá ni ojú egbò ti ń jinná, ẹni tó bá ṣí i ti dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Bí omi náà bá ń ta yín, iyọ̀ ti lè pọ̀ jù. Ẹ fi omi tí ẹ ti sè là á. Ẹ má kàn yọ iyọ̀ kúrò, torí omi lásán náà máa ń ta imú.

Ọ̀rá

Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan ti tó fún ihò kan. Ẹ fi ìka tó mọ́ kùn ún sí ẹnu ihò imú nìkan, kí ẹ wá fi ọwọ́ tẹ imú láti ìta kó lè tàn ká. Ẹ má kùn ún kí ẹ sì lọ sùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀: bó bá ń ṣàn lọ sí ẹ̀dọ̀fóró fún ìgbà pípẹ́, ó lè dá àrùn sílẹ̀ níbẹ̀. Fún alẹ́, jẹ́ẹ̀lì imú tí a fi omi ṣe ló dára jù. Ẹni tó ń fi ẹ̀rọ mí ọ́síjìn kò gbọ́dọ̀ lo fasilíìnì rárá, nítorí ó lè gbiná. Ẹ yẹra fún èròjà tó ní mẹ́ńtọ́ọ̀lù. Títa ló ń ta ojú egbò.

Yàrá

Ọ̀rinrin ìdá 30 sí 50 nínú ọgọ́rùn-ún ló dára. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ìrì sínú yàrá, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kòkòrò ni yóò máa fẹ́ fún yín. Ẹ dín ooru ilé kù lálẹ́. Níta, ẹ fi sikáàfù bo imú.

Oògùn tí wọ́n ń fín sí imú tó dí kò gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ: ó máa ń gbẹ imú, bó bá sì pẹ́, dídí náà á le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá jáde

Ẹ jókòó, ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ má gbé orí sẹ́yìn, torí ọ̀fun ni ẹ̀jẹ̀ á gbà lọ. Ẹ fi ìka méjì fún apá rírọ̀ imú pa pọ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 láìtú u wò, kí ẹ máa fi ẹnu mí. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, tàbí tí ẹ ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bákan náà ni bí ojú egbò kò bá jinná lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá jẹ́ pé ṣóńṣó imú pọ́n, tó wú, tí ibà sì wà, ẹ rí dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ má sì tẹ éèwo kankan níbẹ̀.