Bí ẹ ṣe lè mu mílíìkì kí ikùn yín má dàrú

Ó tó ọdún mẹ́wàá tí mo fi ń bú àkàrà. Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń da mílíìkì agolo sínú ògì tèmi títí táá fi funfun báláú, màá wá fi àkàrà gbígbóná lé e, kó tó tó wákàtí kan ikùn mi á ti máa kùn bí ẹ̀rọ ìlọta, tí mo bá wá lọ wọ dánfó nírú àsìkò yẹn, mo dáràn nìyẹn. Màámi ní òróró tí wọ́n fi dín àkàrà ni, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àkàrà ò mọwọ́ ò mẹsẹ̀ o, mílíìkì ni.

Tí irú ẹ̀ bá ń ṣe yín, ẹ má tíì pè é ní àìsàn. Súgà kan wà nínú mílíìkì tó ń jẹ́ lactose, inú ìfun tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì yẹ kí ara ti gé e sí wẹ́wẹ́ kó tó lè fà á mu. Ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń pè ní lactase ló ń ṣe iṣẹ́ àlùmọ́gàjí yẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ ọwọ́ ló ní in, torí lactose inú ọmú ìyá gan-an ju ti màlúù lọ, bíi gíráàmù 7 nínú 100, ti màlúù ò ju bíi 5 lọ. Tí wọ́n bá ti wá já ọmọ lẹ́nu ọmú, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í dín lactase kù, bó ṣe rí fún ewúrẹ́ nìyẹn, bó ṣe rí fún ajá, bó sì ṣe rí fún bíi méjì nínú mẹ́ta àgbàlagbà tó wà láyé. Súgà tí ẹnikẹ́ni ò gé á wá bọ́ sọ́wọ́ bakitéríà nínú ìfun ńlá, wọ́n á sọ ọ́ di gáàsì, òun náà á tún fa omi wọnú ìfun. Ìyókù, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Àwọn tó ń mu ún títí dọjọ́ ogbó gan-an ló ṣàjèjì. Àárín nǹkan bí 10,000 ọdún séyìí tí èèyàn ti ń sin ẹran ọ̀sìn ni jíìnì àwọn kan yí padà tí lactase ò fi dáwọ́ dúró lára wọn mọ́, pàápàá àwọn ará àríwá Yúróòpù, àwọn Fúlàní, àtàwọn darandaran ìlà oòrùn Áfíríkà bíi Màsáì. Lọ́dún 1971, Norman Kretchmer tó jẹ́ ará Amẹ́ríkà àti Olíkóyè Ransome-Kútì (ẹ̀gbọ́n Fẹlá, tó wá di mínísítà ètò ìlera) pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àbájáde àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà jáde: Fúlàní darandaran tó pọ̀ jù lè da lactose, àgbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹni tó lè dà á. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe èmi nìkan.

Ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ti inú tíì rọrùn láti rí, èyí tó fara pa mọ́ ló le: bisikíìtì, ṣokoléètì, áísìkíríìmù, búrẹ́dì míì. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí ẹ̀, tí ẹ bá rí "milk powder" tàbí "whey", ẹ gbé e sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì, ẹ dán an wò. Kí ẹ yan ọjọ́ tí ẹ ò ní jáde, ẹ má fi ti ọjọ́ iṣẹ́ ṣe é jàre. Láàárọ̀, kí ẹ tó jẹun, ẹ mu ife mílíìkì kan, láìfi búrẹ́dì tì í, kí ẹ wá máa ṣọ́ ara yín fún wákàtí mẹ́rin. Tí ikùn bá ń kùn, tó ń wú, tó sì di ìgbẹ́ gbuuru, ẹ ti rí ìdáhùn. Ẹ má dán èyí wò lára ọmọdé o. Tó bá sì jẹ́ pé ètè ló máa ń wú, ara ń yún, mímí ń nira, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ lactose, ọsíbítù ni ẹ gbà lọ, bẹ́ẹ̀ náà sì ni tí ẹ bá ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ wá ìwọ̀n tiyín. Ife kan ní bíi gíráàmù 12 lactose, ọ̀pọ̀ àwọn tí mílíìkì ń bá jà sì lè mu ìyẹn tí wọ́n bá mu ún pẹ̀lú oúnjẹ, torí oúnjẹ ò ní jẹ́ kó sáré já sí ìfun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá mẹ́rin ife. Mílíìkì agolo ni kí ẹ ṣọ́ra fún, wọ́n ti gbẹ èyí tó pọ̀ nínú omi ẹ̀ kúrò, lactose inú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti mílíìkì tútù, ibẹ̀ gan-an ni ògì mi ti bà jẹ́. Àwọn kan á ní kí ẹ sè é dáadáa, sísè ò yọ lactose.

Ìgbésẹ̀ kẹrin, ẹ jẹ́ kí bakitéríà bá yín jẹ súgà náà. Ẹ gbé lítà mílíìkì kan kaná, tó bá ku díẹ̀ kó hó ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ débi tí ìka yín tó mọ́ fi lè wà nínú ẹ̀ kí ẹ ka ení títí dé ẹẹ́wàá láìjẹ́ pé ó ta yín. Ẹ po ṣíbí ìmùkọ méjì yógọ́ọ̀tì tí ò ní súgà, tí bakitéríà inú ẹ̀ ṣì wà láàyè, mọ́ ọn, ẹ dé e, ẹ fi aṣọ tó nípọn wé e títí ilẹ̀ á fi mọ́. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i náà ni á máa kan sí i tí lactose á sì máa dín kù, àwọn bakitéríà yẹn tún ń bá iṣẹ́ lọ nínú ikùn yín. Ọgbọ́n yìí kan náà ló wà nínú nónò tí àwọn ìyá Fúlàní ń tà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún, wàrà. Ní Pólàndì, wọ́n rí àwọn ìkòkò onihò wẹ́wẹ́ tó ti tó bí 7,000 ọdún, ọ̀rá mílíìkì sì wà lára wọn, ajọ̀ wàrà ni wọ́n, bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn àwọn tó lè da lactose ò tíì wọ́pọ̀ níbẹ̀. Àwọn tiwa ń fi oje bòmubòmu ṣe é, ṣùgbọ́n oje yẹn lè di májèlé tó bá pọ̀, nílé ọsàn wẹ́wẹ́ ló dáa: ẹ sè lítà mílíìkì tútù kan títí táá fi hó, ẹ fún oje ọsàn ṣíbí ìmùkọ mẹ́ta sí i, ẹ rọra rò ó. Á ya sọ́tọ̀ lójú yín, ìṣù funfun lọ́tọ̀, omi tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lọ́tọ̀. Ẹ dà á sínú aṣọ funfun, ẹ fún un dáadáa, torí inú omi yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú lactose bá lọ. Tí ẹ bá wá ní kó má ṣòfò, tí ẹ gbé omi náà mu, ẹ má pè mí.